Géètì lórí omi ríru: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ Àìkú: Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́

Ètò orí rédíò ni wọ́n ní kí n ṣe lórí Jonathan Akinyemi, ọmọ Nàìjíríà tó wa kayak, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀, dé Òlíńpíìkì nínú eré tí wọ́n ń pè ní canoe slalom, ìyẹn wíwa ọkọ̀ gba àárín ọ̀pá lórí omi ríru. Ọ̀gá mi rò pé màá jókòó sí ọ́fíìsì, màá ka ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó parí. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Eré tí àwọn tó ń gbọ́ wa ò fojú rí rí, tí mo bá ń kà á lásán, ariwo ni yóò jẹ́ létí wọn. Ẹ jẹ́ kí n gbé fídíò rẹ̀ lọ bá àwọn tó mọwọ́ omi, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bí èmi àti àbúrò wa tó ń mójú tó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ṣe gbéra nìyẹn, nínú Máíkírà kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé ṣí láti inú.

Ọ̀nà ò lọ́rọ̀ lórí. Mọ́níyà, Fìdítì, Ìlọra, òjò oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn wa. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí a dé Ọ̀wọ́dé. A gba yàrá, a sì lọ jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú lọ́dọ̀ ìyá kan tó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí a wá ṣe. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo àbúrò wa, wọ́n ní: "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lẹ wá ṣe ní Ọ̀yọ́? Ẹ̀pẹ́ ò ha sí mọ́ ni?"

Ìbéèrè ìyá bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ìdáhùn wà fún un. Ọ̀sà kọ́ ni eré yìí ń fẹ́. Omi tó ń ti òkè bọ̀ ló ń fẹ́, omi tí òkúta dí lọ́nà tó wá ń bínú. Ìlú òkè ló ni ín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, Slovakia, Czech, Faransé, Jámánì, kì í ṣe etí òkun ni wọ́n ti kọ́ ọ, odò orí òkè ni. Slovakia ò tilẹ̀ ní etí òkun rárá.

Ọjọ́ Ajé: Akẹ̀sán

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán la ti bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń dúró de irun ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá jù. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń já lé ara wọn lórí nígbà tí a wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo gbé fóònù síwájú dígí, mo tan fídíò kan.

"Kí ni wọ́n so kọ́ yẹn?"

Mo ní géètì ni. Wáyà ni wọ́n ta kọjá lórí omi, wọ́n wá so ọ̀pá méjì-méjì rọ̀ sílẹ̀ láti ara rẹ̀. Àárín ọ̀pá méjì ni ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Tí ọ̀pá bá jẹ́ aláwọ̀ ewé àti funfun, yóò bá omi lọ gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ pupa àti funfun, yóò yí ọkọ̀ padà, yóò dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀, yóò sì gòkè gba àárín rẹ̀. Géètì 18 ni ó kéré jù, 25 ni ó pọ̀ jù, ó kéré tán 6 nínú wọn yóò sì jẹ́ pupa. Bí ara, ọkọ̀ tàbí àjẹ̀ bá kan ọ̀pá, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò rẹ. Bí o bá fo géètì kan, 50.

"Àádọ́ta!" Onígbàjámọ̀ dá kílípà dúró. "Ìyẹn ti kú nìyẹn."

Ó kú lóòótọ́, torí gbogbo eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sí méjì lọ. Ọmọkùnrin kan tó wà lórí àga béèrè bóyá èèyàn lè ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Èkejì ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń borí ná. Àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín: "Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ yín yìí, bí gbogbo ayé lẹ ṣe ń ta á."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ni ìgbà tí mo dárúkọ Akinyemi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, ní oṣù Kejìlá 1988. Bàbá rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló sì wa ọkọ̀ fún ní London 2012 àti ní Rio 2016. Kíá ni ṣọ́ọ̀bù pín sí méjì. Apá kan ní Akinyemi ló ń jẹ́, kí la tún ń jiyàn lé lórí? Apá kejì ní ọmọ òyìnbó tí kò ríbi dúró láàárín àwọn òyìnbó ló sá wá bá wa.

Mo jẹ́ kí wọ́n jà á tán, torí ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀, kí n tó dá sí i. Òfin eré yìí ló yẹ ká wò. Ní Òlíńpíìkì, nínú ẹ̀yà K1 ọkùnrin, ìyẹn kayak ẹlẹ́nìkan, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kan ń gbé wá. Bí ilẹ̀ Faransé bá ní akọni mẹ́wàá, ẹnì kan á lọ, mẹ́sàn-án á jókòó sílé máa wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sì ya àyè sọ́tọ̀ fún kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Ọmọ tó bá ní ilẹ̀ bàbá níhìn-ín, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ó sì lè kan èyí tó wù ú. Mi ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bú u, kó kọ́kọ́ fi ibi tí ì bá ti kọ́ ọ láàárín Sókótó àti Èkó hàn mí.

"Ẹ̀yin náà ti wá gbè sẹ́yìn ẹ̀," ni ọmọ orí àga wí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbè sẹ́yìn ẹ̀.

Kí a tó jáde, àgbàlagbà ẹnu ọ̀nà ní bí a bá ń wá ẹni tó mọ omi, ká fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ká lọ sí Erelú. Wọ́n ní bàbá kan wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: adágún Erelú

Ìdídò Erelú ni ìlú Ọ̀yọ́ fi ń mu omi. Omi náà lọ salalu, ó dákẹ́, ewéko ti jẹ ẹ̀bá rẹ̀. Bàbá tí wọ́n júwe fún wa jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, ọkọ̀ onígi wọn ni wọ́n fà gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A kúnlẹ̀ a dọ̀bálẹ̀, a kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n ní ká jókòó, wọn ò dá abẹ́rẹ́ àwọ̀n dúró.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá, àmọ́ Tápà kan ló kọ́ wọn níṣẹ́, Jẹ́bà sì ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, lórí Ọya. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹni tó ti pẹja lórí odò tó ń ṣàn mọ nǹkan tí ẹni tó mọ adágún nìkan ò mọ̀.

Oòrùn ò jẹ́ ká rí ojú fóònù. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo orí bàbá àti fóònù pọ̀, àbúrò wa sì ti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Fídíò tí mo tàn fún wọn ni ti Beijing 2008, ti Benjamin Boukpeti. Ọmọ Tógò ni, ilé kejì sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará ibẹ̀. Òun ló yá jù ní abala tó ṣáájú àṣekágbá, ipò kẹta ló parí sí, idẹ rẹ̀ sì ni àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Tógò gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n tún un tàn. Ní ìdajì, mo gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ ìborùn: "Dá a dúró níbẹ̀ yẹn."

Mo dá a dúró. Ọkọ̀ ti wà ní ẹ̀yìn òkúta, imú rẹ̀ ti yí sókè sí géètì pupa.

"Ẹ wo òkúta yìí," bàbá ní, ìka wọn bo ìdajì ojú fóònù. "Omi ń sáré lọ sísàlẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n omi tó wà lẹ́yìn òkúta ò lọ. Ó ṣẹ́rí padà ni, òkè ló ń lọ. Ọmọ yìí mọ̀. Ẹ rò pé agbára apá ló fi ń gòkè? Rárá o. Ó ti imú ọkọ̀ bọ inú omi tó ń padà, omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ bá ọ̀pá. Ní Jẹ́bà, ibi tá a ti máa ń mí nìyẹn tá a bá ń gòkè odò. Láti ẹ̀yìn òkúta dé ẹ̀yìn òkúta."

Wọ́n ní kí n jẹ́ kó rìn díẹ̀. "Dá a dúró. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó tẹ̀ sí apá ibi tó ń yí sí. Ká ní apá kejì ló tẹ̀ sí ni, omi á gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á sì dojú ẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Dá a dúró! Ó jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Díẹ̀ báyìí."

Mo ti gbọ́ àwọn tí wọ́n ń gba owó láti ṣàlàyé eré yìí lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò sọ ọ́ yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni Boukpeti dé ìsàlẹ̀, ó rí àkókò rẹ̀, ó figbe bọnu, ó gbé àjẹ̀ sókè, ó sì ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí ọkọ̀.

Bàbá yọ orí kúrò lábẹ́ ìborùn. "Kí ló ṣe yẹn?"

Mo ní ayọ̀ ni.

"Ayọ̀! Àjẹ̀ tó gbé e dé èbúté ló ṣẹ́?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú tiwọn wá láti inú ọkọ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fúnni. Ibi tí àtàńpàkò ń jókòó sí ti jẹ wọnú igi, ó ti ń dán. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là, wọ́n ti fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í yíká-yíká, wọ́n fà á le dáadáa. "Èyí ti pẹ́ ju ìwọ lọ," wọ́n sọ fún àbúrò wa. "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ Tógò yẹn pé kó wá rà á tó bá ti ń wá òmíràn."

A rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ọmọ náà ò ju mítà 3.5 lọ ní gígùn, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 9. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Bàbá wo ọkọ̀ tiwọn, tí ọkùnrin méjì ò lè gbé kúrò nílẹ̀. "Kílò mẹ́sàn-án? Ṣé ìwé ni wọ́n fi ṣe é ni?" Mo ní wọ́n ń pè é ní carbon, òwú dúdú kan tí wọ́n fi oje bíi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ tó fi le. Wọ́n mi orí, àmọ́ ó hàn pé ìwé ṣì ni lójú wọn.

Mo béèrè ìbéèrè tí mo tìtorí ẹ̀ wá: ṣé ọmọdé lè kọ́ irú eré yìí lórí Erelú, níbi tí omi ò ti ṣàn?

Bàbá ò rò ó rárá kí wọ́n tó dáhùn. "Omi yìí ń sùn. Orí omi tó ń sùn lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀. Ẹni tí ò lè jókòó lórí omi tó ń sùn, kí ló fẹ́ lọ ṣe lórí omi tó jí?"

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Yúróòpù náà ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á so ọ̀pá kọ́ sórí omi tó dákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, á máa yí ọkọ̀ gba àárín wọn títí yóò fi mọ́ ọn lára, kí wọ́n tó mú un lọ síbi tí òkúta wà.

Ọjọ́rú: yàrá

Òjò láti òwúrọ̀. A ò jáde. Iná ò sí. Mo fi àkókò náà kọ ohun tí màá sọ láàárín ohùn àwọn èèyàn.

Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Geneva ní 1949. Eré náà wọ Òlíńpíìkì ní 1972, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ojú omi oníkọnkéré kan, Eiskanal, sí ìlú Augsburg ní Jámánì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ogún ọdún. 1992 ló padà, wọ́n ṣe é ní La Seu d'Urgell nígbà tí Barcelona gba àlejò. Ní 1996, odò Ocoee ní Tennessee ni wọ́n lò. Ibẹ̀ ni ọmọ Slovakia kan, Michal Martikán, ti gba wúrà C1, ẹ̀yà ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tí wọ́n ń kúnlẹ̀ wà, lẹ́ni ọdún 17. Àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún ló kó jọ nígbà tí yóò fi di 2012. Tony Estanguet ti Faransé, tí wọ́n jọ ń bá ara wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba wúrà mẹ́ta, ní 2000, 2004 àti 2012, òun náà ló sì wá darí ìgbìmọ̀ tó ṣètò Paris 2024. Ẹ ò rí i pé eré ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ omi kà, bí ọjọ́ orí bá tilẹ̀ mú díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa mú sí i ni.

Ibi tí Akinyemi ti wakọ̀ ní 2012, Lee Valley, tó wà lápá àríwá London, kì í ṣe odò. Mítà 300 ni gígùn rẹ̀, òkè rẹ̀ sì fi mítà 5.5 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ló ń fa omi gòkè, omi á ya wálẹ̀, ẹ̀rọ á tún fà á gòkè. Bí iná bá lọ, odò tán. Àbúrò wa ní kí n má tíì dábàá irú ẹ̀ fún Ọ̀yọ́.

Omi ríru wà nílẹ̀ yìí rí, èyí tí Ọlọ́run dá fúnra rẹ̀. Bússà, lórí Ọya, ibi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Ìdídò Kàínjì, tí wọ́n parí ní 1968, ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Iná ni a fi í ṣe. Mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀: Odò Ọbà

Ọjọ́ mọ́, a gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí Odò Ọbà. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn máa ń bani, gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n, mo sì bẹ awakọ̀ wa pé kó rọra. Ó rọra dé àyè kan.

A sọ̀kalẹ̀ nítòsí afárá. Òjò àná ti kún odò, omi pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ó ń ru. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísè lẹ́bàá ọ̀nà pariwo pé kí n má sún mọ́ etí ẹ̀. "Ìyàwó Ṣàngó ni o," wọ́n ní. "Inú ẹ̀ ò rọ̀."

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọbà àti Ọ̀ṣun jọ jẹ́ ìyàwó Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́. Ọ̀ṣun tan Ọbà títí ó fi gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì di odò, wọ́n sì ní níbi tí odò méjèèjì ti pàdé lápá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ibẹ̀ kì í sinmi títí dòní. Mo ronú pé bí ẹnì kan bá fẹ́ so géètì kọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òrìṣà ti yan ibi tó yẹ fún un tipẹ́. Mo sọ èyí fún ìyá alágbàdo. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo ra àgbàdo, mo dúró sórí afárá, mo ń wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ń bọ̀ láti òkè odò, ó ń sáré, omi ń gbé e fò. Mo rò pé yóò kọjá lábẹ́ wa lọ tààrà. Ó dé ẹsẹ̀ afárá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan gbà á kọjá, bó ṣe kọjá tán báyìí ni nǹkan kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, lòdì sí odò, títí ó fi fẹnu kan ẹ̀yìn kọnkéré. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ jù, omi ńlá gbá a mú, ó ti lọ.

"Ẹ wò ó!" ni mo kígbe. Àbúrò wa ti rí i. Gbogbo ohun tí bàbá Erelú sọ lábẹ́ ìborùn, ọ̀rá omi ṣe é lójú wa, títí kan àṣìṣe ìkẹyìn.

Ní ìpele àkọ́kọ́ ní London, ẹ̀ẹ̀mejì ni olúkúlùkù ń sọ̀kalẹ̀, èyí tó yá jù ni wọ́n ń kà fún un. Akinyemi ò kọjá ibẹ̀. Àwọn kan á ní kí ni a wá ń pariwo lé lórí nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí: ọdún mẹ́rin ìgbáradì, ẹ̀ẹ̀mejì lórí omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jáde kúrò nínú omi tó ń padà, ohun tó bá ọ̀rá yẹn ló máa bá a. Àwọn tí wọ́n jọ wà lójú omi náà sì ti ń gba àárín ọ̀pá láti kékeré, ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba ń sanwó fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì: Ògbómọ̀ṣọ́

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH la kọ́kọ́ bá ní Under-G, ní ìdí tábìlì ìyá tó ń ta ìrẹsì. Ti Jessica Fox ni mo tàn fún wọn, torí mo fẹ́ ohùn obìnrin nínú ètò yìí.

Ọmọ Australia ni Jessica. Bàbá rẹ̀, Richard, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, Myriam, gba idẹ fún Faransé ní 1996. Jessica fúnra rẹ̀ gba fàdákà ní 2012, idẹ ní 2016, wúrà C1 àti idẹ K1 ní Tokyo, ó sì kó wúrà méjèèjì ní Paris 2024. Ní Paris kan náà, àbúrò rẹ̀ Noémie gba wúrà kayak cross, èyí tí ọkọ̀ mélòó kan ti jọ ń sáré sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin kan nínú wọn tó wá láti Ọ̀yọ́ ní kò yà òun lẹ́nu: bí ọmọ Àyàn ṣe ń bá ìlù nílé náà nìyẹn, kó tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá awọ.

Títí di Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, kò sí C1 fún obìnrin nínú Òlíńpíìkì. Ìyẹn ni ẹ̀yà tí èèyàn ti ń kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, tí àjẹ̀ sì ní ẹnu kan ṣoṣo. Ti K1, jíjókòó ni, àjẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu lápá méjèèjì. Jessica ló kọ́kọ́ gba wúrà rẹ̀. Ní Tokyo yìí kan náà, imú ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n fi carbon tún un ṣe, wọ́n sì fa kọ́ńdọ̀mù bo orí rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fídíò rẹ̀ jáde. N kò mọ̀ bóyá ọ̀gá mi máa jẹ́ kí èyí jáde lórí rédíò, àmọ́ Under-G ò ní gbàgbé eré yìí mọ́ láéláé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹun lọ jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Àǹtí, irun dídì ńkọ́ lábẹ́ akoto yẹn?" Mo ní kó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Òun náà ló béèrè bóyá ọmọbìnrin Nàìjíríà kankan wà lórí omi. Mo sọ fún un nípa Ayomide Bello, tó gba wúrà mẹ́rin ní Ìdíje Áfíríkà ní Rabat ní 2019, tó sì dé Òlíńpíìkì Tokyo. Tirẹ̀ jẹ́ eré sísá lórí omi tó dákẹ́, kò sí géètì níbẹ̀. Irú omi bíi ti Erelú.

Lọ́sàn-án, a lọ kí olùkọ́ eré ìdárayá kan tó ti fẹ̀yìntì, ilé wọn ò jìnnà sí Tákìí. Àwọn ni mo ń retí pé wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi jígí sójú, wọ́n wo fídíò tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà.

"Mélòó nínú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló mọ odò ó wẹ̀?"

N ò béèrè.

"Ìyẹn ni. Bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, orí ọmọ wà nísàlẹ̀ omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Àjẹ̀ àti ìbàdí ni yóò fi yí ara rẹ̀ padà sókè. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ lábẹ́ omi kó tó ṣe é. Ìyá wo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa jẹ́ kí ọmọ òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lábẹ́ omi? Èmi tí mo kọ́ eré ìdárayá títí mo fi fẹ̀yìntì, ìyá mi ò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan odò."

Mo ní ṣé kò ṣeé ṣe nìyẹn. Inú wọn fẹ́ bàjẹ́ sí mi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwẹ̀ odò lákọ̀ọ́kọ́. Akoto, jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ìyẹn ò ṣeé fojú fò. Lẹ́yìn náà, kí ni géètì? Ọ̀pá méjì. Ọparun ò tán ní ìgbẹ́."

Ọkọ̀ ni wàhálà, àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tà á nítòsí, kí wọ́n kó o wá láti òkè òkun sì gbówó lórí. Wọ́n ní kí àwọn káfíńtà kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan fífúyẹ́ kan tó tó jókòó sí. Nígbà tí mo sọ pé ìjọba ni yóò kọ́ ojú omi oníkọnkéré bíi ti London lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí láti orí jígí wọn sókè, wọ́n ní kí n jẹ ẹ̀pà. Èmi náà ò gbà á gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ọparun lórí adágún, ìyẹn ni mo rí i pé ó lè ṣẹlẹ̀ kí n tó darúgbó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ìbàdàn

A ti padà. Mò ń gé ohùn. Ti bàbá Erelú ni màá fi bo gbogbo eré Beijing, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí àjẹ̀ ti ṣẹ́, n ò ní fi ohùn mi sí i. Awuyewuye Akẹ̀sán á tẹ̀ lé e. Ìṣirò ọdún àti wúrà, ìdajì rẹ̀ ni màá yọ dànù.

Fóònù dún nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀. Bàbá olùkọ́ ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò tilẹ̀ dúró gba ìkíni tán. Wọ́n ní báwo ni àárín ọ̀pá méjì ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Mo ní mítà 1.2 ni ó kéré jù, 4 ni ó pọ̀ jù, ẹnu ọ̀pá ò sì gbọdọ̀ kan omi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àwọ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀dà ilé lásán ṣeé lò?"

Mo ní ó ṣeé lò.

"Ó dáa. Pupa ṣì kù nílé láti ìgbà tí mo kun géètì ilé mi. Aláwọ̀ ewé àti funfun ni màá rà."